Brebes, ìlú ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń fi ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ṣe ní Indonéṣíà, kó má dúró sí Jakarta. Brebes ni kó wọ reluwé lọ. Etí òkun àríwá erékùṣù Jáfà ló wà, lẹ́yìn Cirebon, ó sì múlé ti ìlú Tegal. Ohun méjì ló gbé orúkọ ìlú náà jáde: àlùbọ́sà pupa kéékèèké, àti telur asin, ìyẹn ẹyin oníyọ̀.

Ẹ má tíì yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Òru mọ́jú ni pẹ́pẹ́yẹ ń yé, tó bá fi máa di aago 7, wọ́n ti ṣa ẹyin kúrò nílẹ̀. Itik Tegal ni irú pẹ́pẹ́yẹ tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀: ó nàró gbọnrangandan bí ìgò, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, eré ló sì máa ń sá káàkiri. Ó mọ ẹyin yé dáadáa, àmọ́ kò mọ̀ ọ́n sàba. Ẹni tó bá fẹ́ kó pa ọmọ á kó ẹyin náà sínú ẹ̀rọ tàbí sábẹ́ entok, pẹ́pẹ́yẹ ńlá ojú pupa tó ní sùúrù láti jókòó fún ọjọ́ 28. Ti adìyẹ ò ju ọjọ́ 21 lọ.

Orí oúnjẹ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Àwọn kan máa ń da pẹ́pẹ́yẹ wọn káàkiri oko ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè, láti àdúgbò kan sí òmíràn, kí wọ́n máa ṣa ọkà tó já sílẹ̀ àti ìgbín inú ẹrọ̀fọ̀. Angon ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Owó oúnjẹ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí oko bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oògùn kòkòrò, agbo lè kú lọ bẹẹrẹbẹ. Àwọn tó sé tiwọn mọ́ ọgbà ń fún wọn ní dùsà, ẹja wẹ́wẹ́ àti orí edé. Orí edé yẹn ló ń mú kí pupa ẹyin pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń jẹ dùsà nìkan, pupa ẹyin rẹ̀ kò ní pọ́n dáadáa, oníbàárà ò sì ní fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ṣàdédé yí oúnjẹ padà, tàbí tí ajá dẹ́rù bà wọ́n lóru, ẹyin á wálẹ̀, wọ́n tiẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìyẹ́ dà.

Nílé àwọn tó ń rẹ ẹyin níyọ̀, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró ẹyin tí wọ́n ń fi kan ara wọn jẹ́jẹ́. Èyí tó bá dún gan-an, ó dá pé. Èyí tó bá dún bí àpáàdì, ó ti sán. Ẹyin tó bá léfòó nínú omi ti pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n á fi kànrìnkàn fọ ìyókù tìṣọ́ratìṣọ́ra, torí ìdọ̀tí ń dí àwọn ihò wínníwínní ara èèpo tí iyọ̀ ń gbà wọlé. Wọ́n á gún bíríkì pupa, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó pọ̀ mọ́ iyọ̀. Ọ̀pọ̀ ń lo ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan, àwọn mìíràn ń fi eérú kún un. Omi díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bù sí i. Bó bá ṣàn, á yọ́ kúrò lára ẹyin. Bó bá gbẹ jù, á sán, á sì já bọ́. Wọ́n á wá fi amọ̀ yìí bo ẹyin kọ̀ọ̀kan, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2, wọ́n á sì tò ó sínú ike níbi tí oòrùn ò dé.

Ọjọ́ 10 sí 15 ló máa ń lò níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fọ́ ọ̀kan fún yín ní nǹkan bí ọjọ́ 7: ẹ ó rí i pé etí pupa ẹyin ti le, àmọ́ àárín rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí iyọ̀ ṣe ń wọlé ni omi ń kúrò lára pupa yẹn, tí òróró rẹ̀ á sì máa jáde. Nígbà tó bá pé, á máa rún wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu. Masir ni wọ́n ń pè é, láti ara pasir, iyanrìn. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ sínú amọ̀, funfun ẹyin ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́ níyà: iyọ̀ á bò ó débi pé kò ní ṣeé jẹ. Ẹyin kan tó sán láìsí ẹni tó rí i á di òbu, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ike kan.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ amọ̀ kúrò, inú omi tútù ni wọ́n ń gbé e ká iná, iná jẹ́jẹ́, fún wákàtí 2 sí 3. Iná tó le ń la èèpo. Rebus ni èyí tí wọ́n sè lásán, kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ. Panggang ni èyí tí wọ́n tún yan. Omi ara rẹ̀ ti dín kù, ó sì máa ń pẹ́ jù ú lọ. Asap ni èyí tí wọ́n fi èéfín yá, èèpo rẹ̀ á pọ́n bíi kọfí. Ní tèmi, panggang ló dára jù fún ẹni tó ṣì ní ìrìn lọ́nà. Asap dùn, àmọ́ èéfín máa ń bo adùn òróró yẹn mọ́lẹ̀.

Òpópónà Diponegoro ni ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí. Ẹ wo òǹtẹ̀ lára èèpo aláwọ̀ ewé náà: orúkọ ẹni tó ṣe é wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n sè é, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kó o dé. Láti ìgbà tí títì ńlá tí wọ́n ń sanwó gbà ti gba ẹ̀yìn ìlú kọjá, ọ̀pọ̀ mọ́tò kì í wọ ibẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹyin lè ti pẹ́ lórí àtẹ.

Ẹ má bó o. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń là á sí méjì lóòró pẹ̀lú èèpo, kí ẹ wá fi ṣíbí wà á sórí ìrẹsì.