Orí Itan Mi Ni Ọmọ Mi Ti Kán Lẹ́sẹ̀

Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni. Télọ̀ ni mí, Sátidé kì í sì í ṣe ọjọ́ tí télọ̀ ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́rin, àmọ́ ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ títí pé àfi ẹ̀yìn orí mi tó tẹ̀ sórí máṣíìnì nìkan ni ọmọ yìí mọ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e sí èjìká, ó di ibi ìṣeré kan nítòsí wa ní Àgbádárìgì.

Jangilọ́fà méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú síláìdì onírin kan tó ga ju mí lọ díẹ̀. Síláìdì yẹn ni ọmọ na ọwọ́ sí. Mo wò ó, mo ní ó ti kéré jù láti dá gun nǹkan báyìí. Bàbá rere ni mo ka ara mi sí lọ́jọ́ náà. Mo gùn ún, mo jókòó lókè, mo gbé ọmọ sórí itan, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú níkùn, a sì yọ̀. A kò tíì yọ̀ dé ìdajì tí bàtà rẹ̀, kánfáàsì onírọ́bà tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin. Ẹsẹ̀ dúró. Èmi kò dúró.

Nígbà tí a délẹ̀, igbe ni mo gbọ́, n kò rí ẹ̀jẹ̀, n kò rí ibi tó wú. Mo ní ẹ̀rù ló bà á. Mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mo ra àgbọn fún un, ó ju àgbọn nù. Ìyá Ògù kan tó ń ta àgbọn náà ló pè mí: "Bàbá ọmọ, ẹ gbé e dúró ná, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Mo gbé e dúró. Ó ká ẹsẹ̀ òsì sókè bí adìyẹ tí òjò pa. Màmá yẹn ní, "Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún o, kì í ṣe ẹ̀rù."

Àwọn èèyàn ti yí wa ká nígbà náà. Ẹnì kan ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ teguntegun kan tí òun mọ̀, kí wọ́n fi òrí ra á. N kì í fojú kéré teguntegun, wọ́n ti to eegun àbúrò bàbá mi rí tó sì jó níbi ìnáwó lọ́dún kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì kò lè júwe ibi tó ń dun òun, ẹni tó bá sì ń ra ojú eegun tí kò tíì rí lè sọ ohun kékeré di ìṣòro ńlá. Ọsibítù ni mo gbé e lọ.

Mi ò tíì parí àlàyé tí nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ fi bi mí pé, "Ẹ gbé e lẹ́sẹ̀ yọ̀ ni, àbí?" Ó yà mí lẹ́nu. Ó ní ọmọ wo ló máa ń wá pẹ̀lú bàbá tàbí ìyá tí ojú ń tì báyìí, bí kì í bá ṣe èyí tí wọ́n gbé lẹ́sẹ̀ yọ̀. Wọ́n ya àwòrán eegun, dókítà gbé e sí iwájú iná, ó fi bíírò tọ́ka sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní eegun ojúgun. Bí irun orí ni ìlà náà rí. Wọ́n fi POP, báńdéèjì funfun tó máa ń le bí sìmẹ́ǹtì, wé e láti itan dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Dókítà ṣàlàyé fún mi, èmi náà sì tún un ṣe ní èdè iṣẹ́ mi kí ó lè yé mi. Bí ọmọ bá dá yọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há, ara rẹ̀ fúyẹ́, yóò dúró, yóò sọkún, ó tán. Tí ó bá wà lórí itan àgbàlagbà, ìwúwo àgbàlagbà náà ló ń tì í láti ẹ̀yìn. Tí aṣọ bá há sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì tí ọ̀gá sì ń fà á, ṣé máṣíìnì ni yóò ya ni? Eegun tín-ín-rín yẹn ni aṣọ, èmi ni mo ń fà á. Bí ọmọ kò bá lè dá síláìdì gùn, kò tíì tó síláìdì yẹn gùn nìyẹn. Kí ẹ wá èyí tó kúrú, kí ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọwọ́ yín wà nítòsí. Ó wù mí kí ẹnì kan ti sọ èyí fún mi ṣáájú.

Láti ìgbà náà ni mo ti di aláyẹ̀wò. Ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń wo ibi ìṣeré bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe ni pé màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin. Ní ọ̀sán gangan, pàápàá ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, irin tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ lè bó awọ itan ọmọ kí ó tó ké, ike náà kò sì yọ sílẹ̀. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ mi kò bá lè dúró lórí rẹ̀, ilé là ń lọ, ẹkún yòówù kó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni màá wo òkè jangilọ́fà, ibi tí ìkọ́ ti so mọ́ ṣéènì. Irin ń jẹ irin níbẹ̀. Mo ti rí ìkọ́ kan tó ti jẹ tán tó ku bí abẹ́rẹ́ ńlá, àwọn ọmọ mẹ́ta sì ń tò láti gùn ún. Mo sọ fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó níbẹ̀, wọ́n bá mi fi okùn dè é sókè kí ẹnikẹ́ni má lè jókòó sí i.

Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí kì í wò. Tépù kì í kúrò lọ́rùn mi, nítorí náà mo máa ń ki orí rẹ̀ bọ iyanrìn. Níbì kan, ínṣì mẹ́ta péré ni mo bá, sìmẹ́ǹtì ló wà lábẹ́. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé ní Amẹ́ríkà fún ibi ìṣeré ọmọdé sọ pé iyanrìn tó jìn tó ínṣì 9 ló lè gba ọmọ tó bá já bọ́ láti ibi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Síláìdì tiwa ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ fíìfíì. Iyanrìn kò sì wọ́n wa ní Àgbádárìgì yìí! Àwọn òbí mẹ́fà péré tí wọ́n bá dáwó lè ra iyanrìn ẹ̀kún ọkọ̀ kan. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti rọ̀ tí èèyàn sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á le bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa fi ọkọ́ tú u.

Ọ̀rọ̀ aṣọ wá kan mí gan-an. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rán aṣọ ọmọdé tó ní fìlà lẹ́yìn, tí mo sì ń ki okùn sí i lọ́rùn, nítorí ó máa ń wu àwọn ìyá. Okùn yẹn lè há sí orí síláìdì nígbà tí ara ọmọ ti ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ọrùn ni yóò sì gbé e dúró. Mi ò rán an mọ́. Oníbàárà mi kan bínú, ó ní, "Brọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ràn ọmọ mi jù mí lọ ni?" Mo ní rárá o, ẹ jẹ́ kí n fi rọ́bà fún un tàbí bọ́tìnnì, owó kan náà ni. Ó gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbà ọrùn àti ìborùn tí wọ́n ń so sẹ́yìn náà, ẹ bọ́ wọn kí ọmọ tó gun nǹkan.

Ní ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ní Màrínà ti Àgbádárìgì níbí, atẹ́gùn ibẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́ nírọ̀lẹ́, a sì máa ń lọ wo ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn lọ sí erékùṣù Gbẹ́rẹ̀fú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń rì kì í ké bí a ṣe rò, omi á ti dí ẹnu rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ mi lè tó ni ọmọ mi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, fóònù á sì wà nínú àpò.

Nígbà tí wọ́n gé POP náà, ọmọ mi, tó máa ń pàtẹ́wọ́ fún Zàngbétọ̀, eégún àwọn Ògù, tó ń yí bìrìbìrì, ń sunkún tó bá ti fojú kan síláìdì. Mo fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ibi tí igi Àgíyà dúró sí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìn rere ní 1842, kí igi náà tó wó ní 1959. Òkúta ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Kò sí nǹkan kankan tí ọmọ lè gùn, àfi kí ọmọ máa sáré yí i ká kí ó sì rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé igi ńlá kan wà níbí tẹ́lẹ̀, ó ga ju gbogbo ilé tó ń wò yìí lọ.

"Igi dà?"

"Ó ti ṣubú."

Ó ronú díẹ̀. "Ta ló gbé e lẹ́sẹ̀?"

Mo ní kò sẹ́ni tó gbé e, ó gbó ni. Kò gbà. Ó ní kí wọ́n lọ fi POP sí i.