Ẹ Wo Omi Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Yìnyín Tuntun

Ní àwọn òkè kékeré tí ará àdúgbò ń bójú tó fún eré síkì (yíyọ̀ lórí yìnyín) ní Vermont, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi di yìnyín ni ojú kọ́kọ́ ń wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, pọ́ǹpù tó ń ti omi lọ sí ẹ̀rọ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí omi bá gun òkè mítà 10, ó ń pàdánù bíi báà 1 (báà ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára tí omi fi ń tì) nínú agbára rẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá ti omi ní báà 20 nísàlẹ̀, báà 14 péré ló kù ní mítà 60 lókè, ká má tíì ka ohun tí páìpù fúnra rẹ̀ ń jẹ. Bí agbára omi bá kéré, ẹ̀kán omi á tóbi jù, kò sì ní dì kó tó balẹ̀.

Ẹ̀rọ oní-fáànù kì í jẹ afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó nílò wáyà iná dé ìdí rẹ̀. Ẹ ṣírò owó wáyà náà mọ́ ọn.

Ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi wé ìdí tẹmómítà, kí ẹ sì fẹ́ ẹ: bó bá wálẹ̀ dé -2.5°C, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ na apá síwájú ẹ̀rọ. Bí yìnyín bá ta dànù lára apá aṣọ yín, ó dára. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn tó sì rin ín, ẹ dín omi kù.

Ìpata páìpù àtijọ́ ló sábà máa ń dí ihò ẹnu ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ máa fọ asẹ́ rẹ̀ déédéé. Bí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ náà, ẹ da omi inú họ́ọ̀sì nù lójú ẹsẹ̀.