Kọ̀ǹpútà tó ń ké píì-píì tí kò tàn: ẹ ka igbe rẹ̀ kí ẹ tó tú u

Kọ̀ǹpútà tó ń ké kò tíì kú. Kí ẹnikẹ́ni tó gba owó mọ́tábọ́ọ̀dù (bọ́ọ̀dù ńlá inú rẹ̀) lọ́wọ́ yín, ẹ mọ̀ pé lọ́pọ̀ ìgbà, igbe yẹn ò lè jáde àfi tí iná bá ti dé orí bọ́ọ̀dù, tí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń yẹ ara rẹ̀ wò gẹ́rẹ́ tí a bá tàn án. Bó bá rí àléébù kí mọ́níítọ̀ tó là, kò ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí; ariwo nìkan ló kù fún un.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan sùkúrúù. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ ka iye ìgbà tó ké, èyí tó gùn àti èyí tó kúrú, àti ibi tó ti sinmi kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọ ọ́ sórí bébà. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń hó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé etí sún mọ́ ọn dáadáa. Ẹni tó ka mẹ́rin sí márùn-ún lórí HP yóò máa wá àìsàn RAM (pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀) níbi tí pọ́wà, àpótí tó ń pín iná fún un, ti ń ṣòjòjò.

Dell àti HP ló pọ̀ nínú tòkúnbọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe káfé láti Kàbà dé Ìsánlú, èdè wọn ò sì dọ́gba. Lórí HP Compaq àtijọ́, iná pupa ara bọ́tìnnì máa ń ṣẹ́jú pẹ̀lú igbe náà: méjì, ooru pọ̀ jù, mẹ́ta, CPU, mẹ́rin, pọ́wà, márùn-ún, RAM, mẹ́fà, káàdì àwòrán. Igbe á dákẹ́ lẹ́yìn ìgbà márùn-ún, ṣùgbọ́n iná ò ní dákẹ́, nítorí náà ẹni tó pẹ́ dé lè ka iná. Lórí Dell OptiPlex tó ń ké, méjì ni pé kò rí RAM rárá, mẹ́rin ni pé ó rí i ṣùgbọ́n kò lè kà á, márùn-ún ni bátìrì orí bọ́ọ̀dù. Lórí èyí tí oníṣẹ́ tò fúnra rẹ̀, igbe gígùn tó ń tẹ̀ léra sábà máa ń jẹ́ RAM. Gígùn kan pẹ̀lú kúkúrú méjì, káàdì àwòrán.

RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá láti oṣù Ọ̀pẹ dé Èrèlé. Eruku ọyẹ́ kúnná bí ẹ̀lúbọ́. Fáànù á fà á wọlé, á jókòó sí ẹsẹ̀ RAM. Tí òjò bá wá dé, ọ̀rinrin á bá a níbẹ̀, eyín RAM á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ẹ yọ okùn iná kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú rẹ̀ tán. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀, nítorí nínú ọyẹ́, iná tó ń ta lára aṣọ náílọ́ọ̀nù tó láti ba RAM jẹ́ láìfi àmì sílẹ̀. Etí RAM ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe eyín rẹ̀. Ẹ fi írésà funfun pa eyín aláwọ̀ wúrà náà lójú méjèèjì títí yóò fi dán, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ wá fi òwú àti sípírítì, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kó tó gún abẹ́rẹ́, nù ún. Ẹ dúró kó gbẹ. Ẹ má lo kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù; ọ̀rá tó bá fi sílẹ̀ ni eruku tuntun yóò lẹ̀ mọ́. Ẹ gbọn inú ihò tí RAM ń wọ̀ pẹ̀lú. Aáyán àti ẹyin ọmọńlé kì í jìnnà síbẹ̀.

Tí ẹ bá ń dá a padà tí kò wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Irú RAM ni DDR3 àti DDR4: eyín 240 ni DDR3 ní, DDR4 ní 288, ọ̀kan ò lè wọ ihò èkejì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìpẹ̀kun méjèèjì títí ìdè yóò fi ro kẹ́. Lẹ́yìn náà, RAM kan ṣoṣo, ihò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. RAM méjì lórí bọ́ọ̀dù oníhò mẹ́rin, ìdánwò mẹ́jọ nìyẹn. Bó bá ń ké pẹ̀lú RAM kan náà níbi gbogbo, RAM yẹn ló bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ihò kan ló ń kọ RAM méjèèjì, ihò ló ní àrùn, ẹ lè máa lo àwọn yòókù.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ẹ yọ gbogbo RAM, kí ẹ tàn án. Bó bá ké, ìròyìn ayọ̀ ni. Bọ́ọ̀dù àti CPU ṣì ń gbọ́ra wọn. Bó bá dákẹ́ tí fáànù ń yí, ẹ wò ó bóyá ó tilẹ̀ ní sípíkà kékeré, nítorí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù kò ní. Bó bá ní, ẹ yẹ okùn olójú mẹ́rin tàbí mẹ́jọ tó gbé 12V lọ sí ẹ̀gbẹ́ CPU wò.

Bó bá ń ké lórí iná ìlú, pàápàá nígbà tí gílóòbù ń pọ́n bí ẹ̀yinná, tó sì tàn lórí jẹnẹrétọ̀, ẹ fi RAM sílẹ̀. Iná tó rẹlẹ̀ tàbí pọ́wà tó ti rẹ̀ ni. Lórí pọ́wà tí okùn rẹ̀ ní àwọ̀ ATX (ìlànà àwọ̀ okùn tó wọ́pọ̀), mítà tí a fi ń wọn iná gbọ́dọ̀ ka fólítì 11.4 sí 12.6 lórí yẹ́lò, 4.75 sí 5.25 lórí pupa. Bọ́tìnnì pupa ẹ̀yìn rẹ̀, bó bá ní in, 230 ni kó wà. Bó bá wà lórí 115, yóò bú gbàù. Ẹ má ṣí inú pọ́wà rárá, nítorí iná ṣì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ okùn.

Bátìrì orí bọ́ọ̀dù, CR2032, kò wọ́n, 3V ni tuntun máa ń ní. Ẹ yí ojú tó ní àmì + sókè. Tó bá tàn tán, ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe kí ẹ tó wọ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí bí ọjọ́ bá ti padà sí ọdún àtijọ́, bíráwúsà yóò máa kọ àwọn ojúlé tó ní ààbò.