Bí káàdì ò bá sí, ẹ má tíì gé pákó

Ìsọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ bí oníbàárà bá ṣe fẹ́ ẹ ní wàhálà kan tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oríṣi àga kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní. Iṣẹ́ méjì kì í rí bákan náà. Kọ́bọ́ọ̀dù tí a gbà lónìí máa gba ìdí ayùn, á gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kàn án pọ̀, á wá parí sí yàrá ọ̀dà. Àga tí a gbà lọ́la lè má fojú kan yàrá ọ̀dà rárá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe tìmùtìmù ló máa yà sí. Bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn tó ni wọ́n pátá la ti dá ọjọ́ fún. Mo ti ń fi káàdì darí irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, èyí tó dùn àti èyí tó korò.

Káàdì kan wà tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti ní tẹ́lẹ̀: èyí tí a kọ orúkọ iṣẹ́ sí, ìwọ̀n rẹ̀, irú pákó, àwọ̀, àti ọjọ́ tí a máa gbé e jáde. Ó yẹ kó wà. Ó máa ń bá iṣẹ́ rìn láti ìdí ayùn títí dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ nǹkan nípa iṣẹ́ náà kò ní máa pariwo pe ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká ṣe nìkan ni káàdì yẹn ń sọ. Kò lè sọ fún wa pé ká má tíì bẹ̀rẹ̀. Káàdì kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, káàdì àṣẹ. Kì í ṣe ti iṣẹ́ kan pàtó. Àyè ló dúró fún.

Kí ló dé tí a fi nílò àṣẹ? Ní 1961, John Little, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, fi ìṣirò fi ìdí ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ọ̀gá ìsọ̀ mọ̀: ẹ mú iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ẹ fi iye tó ń parí lọ́sẹ̀ pín in, èyí tó bá jáde ni iye ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kan máa lò lọ́wọ́ yín ní ìpíndọ́gba. Ìsọ̀ tó ń parí iṣẹ́ 6 lọ́sẹ̀, tí iṣẹ́ 24 sì wà nílẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 ni iṣẹ́ kan máa lò níbẹ̀. Bí èyí tó wà nílẹ̀ bá dín sí 12, tí 6 ṣì ń parí lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 2 ni. Ẹnikẹ́ni ò sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A kàn ṣíwọ́ gígé pákó iṣẹ́ tí àyè rẹ̀ ò tíì sí ni.

Ẹnìkan á ní ṣebí iṣẹ́ 12 tó kù ṣì ń dúró nínú ìwé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń dúró nínú ìwé kì í gba àyè nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fẹsẹ̀ kọ ọ́, pákó rẹ̀ ò ní tẹ̀, owó ọjà rẹ̀ ò tíì jáde lápò. Bí oníbàárà bá sì yí ọkàn padà lórí rẹ̀, bíírò la fi máa tún un ṣe, kì í ṣe ayùn.

Bí a bá dárúkọ káàdì nínú iṣẹ́, Toyota ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Taiichi Ohno, ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò yìí, ló mú un wọ ẹ̀ka ẹ̀rọ wọn ní Japan ní 1953, ilé ìtajà ńlá àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì ti fa èrò náà yọ: èyí tí oníbàárà bá mú kúrò lórí pẹpẹ la máa fi òmíràn rọ́pò, a ò ní kó púpọ̀ jọ dè é. Kànbán ni wọ́n ń pè é. Kò sí èyí tó dára tó o fún ẹni tó ń ṣe ohun kan náà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìsọ̀ tiwa, kí la fẹ́ kó sórí pẹpẹ? Ẹsẹ̀ tábìlì tí ẹnì kan ṣoṣo béèrè, tí kò sì ní béèrè rẹ̀ mọ́ láéláé, ta la fẹ́ ṣe òmíràn rẹ̀ dè? Mo ti rí ìsọ̀ tó gbé ọ̀nà Toyota wọlé bó ṣe rí gẹ́lẹ́, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kíákíá, tí wọ́n ní káàdì ò ṣiṣẹ́. Káàdì ò ní ẹ̀bi. Irú èyí tí wọ́n mú ni kò bá iṣẹ́ wọn mu.

Èyí tó bá iṣẹ́ àkànṣe mu ni ọ̀nà tí Rajan Suri, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Wisconsin-Madison, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, tí wọ́n ń pè ní POLCA. Káàdì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ so ẹ̀ka méjì tó tẹ̀ léra pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìgé àti ìkànpọ̀. Ẹni tó wà nídìí ayùn kò gbọdọ̀ gé iṣẹ́ tó ń lọ sí ìkànpọ̀ àfi tí káàdì Ìgé-Ìkànpọ̀ bá wà lára pátákó lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá wà, á fi í kọ́ ara iṣẹ́ náà, á gé e, káàdì á bá iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kàn. Ibẹ̀ ló máa wà títí wọ́n á fi kàn án tán. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó dá káàdì padà sídìí ayùn. Nítorí náà, káàdì tó padà dé ń jíṣẹ́ kan ṣoṣo: àyè ti ṣí lọ́dọ̀ wa, ẹ lè fi òmíràn ránṣẹ́.

Ibi tó ti wá dùn nìyí. Kí àwọn tó ń kàn tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tó ń lọ gba ọ̀dà, àwọn náà gbọ́dọ̀ ní káàdì Ìkànpọ̀-Ọ̀dà lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ tìmùtìmù ló ń lọ, káàdì Ìkànpọ̀-Tìmùtìmù ni. Káàdì méjì ló wà lára iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá wà láàárín. Bí yàrá ọ̀dà bá dí, bóyá afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí nǹkan gbẹ tàbí ẹni tó ń kùn ún ò yá, káàdì tirẹ̀ ò ní padà wá. Àwọn tó ń kàn á wo pátákó wọn, wọn ò ní rí káàdì ọ̀dà, ti tìmùtìmù ni wọ́n máa rí, wọ́n á fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ mú àga. Ẹnikẹ́ni ò pe ìpàdé. Èmi gan-an lè má sí nílé.

Iye káàdì ńkọ́? Ẹ ṣe àròpọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ ń lò nínú ẹ̀ka méjèèjì, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye iṣẹ́ tó ń gba ọ̀nà yẹn lójúmọ́. Bí iṣẹ́ bá ń lo ọjọ́ 2 ní ìgé, tó ń lo 4 ní ìkànpọ̀, tí iṣẹ́ 5 sì ń gba ibẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ iṣẹ́ 5, ìyẹn iṣẹ́ kan lójúmọ́, káàdì 6 ló kàn. Ẹ fi ọ̀kan lé e nítorí àìmọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yọ ọ̀kan kúrò nígbà tí nǹkan bá ń lọ dáadáa, kí ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni máa fura. Ó yà mí lẹ́nu bí a ṣe lè dín in kù tó kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í ni ẹnikẹ́ni.

Káàdì nìkan ò tó o. Ọjọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Lára káàdì iṣẹ́, a máa ń kọ ọjọ́ tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀, a ó kà á padà sẹ́yìn láti ọjọ́ tí a ṣèlérí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kó tó di ọjọ́ yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án, bí káàdì àṣẹ tilẹ̀ wà. Tí a ò bá ní ọjọ́ yìí, àwọn ọmọṣẹ́ á máa fi káàdì mú iṣẹ́ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Iṣẹ́ oṣù tó ń bọ̀ á gba káàdì, ti ọ̀sẹ̀ yìí á máa wò bọ̀ọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọmọṣẹ́ gbé, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ rírọrùn kì í pẹ́ nílẹ̀.

Ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò kankan. Ìyẹn ni kí ọmọṣẹ́ jókòó nígbà tí pákó wà nílẹ̀. Ọjọ́ náà tó dé, ẹni tó wà nídìí ayùn ò ní káàdì kankan lára pátákó, ó kó ọwọ́ jọ, ó ń wò mí. Oníbàárà ti san àsansílẹ̀, pákó ti wọlé, iná wà. Gbogbo ara ẹni ló máa sọ pé, “Gé e jọ̀ọ́, kó ṣáà ti wà nílẹ̀.” Àwọn ọmọṣẹ́ àgbà ló kọ́kọ́ bá mi fà á. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí a máa gbowó ìjókòó ni?” Mo ní káàdì tó kọ̀ láti padà wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kàn, kí wọ́n lọ bá wọn ṣe iṣẹ́ tó dì í mú. Ẹni tó ń gé lọ ń bá wọn lẹ gọ́ọ̀mù, ó ń bá wọn fi sáńpépà dán an. Káàdì padà dé. Èmi ò tíì rí ọ̀nà míì tó ń mú kí ẹnì kan kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ka kejì láìjẹ́ pé a fipá mú un. Ẹni tó ń gé wá mọ ìdí tí àwọn tó ń kàn fi ń bínú sí igun tí kò gún, ìgé rẹ̀ sì dára sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí.

Iṣẹ́ ò dọ́gba, a sì mọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tó kún ògiri kan látòkè délẹ̀ kò lè gba káàdì kan bí àpótí ìjókòó. Ẹ kọ́kọ́ pinnu iye wákàtí tí káàdì kan dúró fún. Iṣẹ́ tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á gba méjì tàbí mẹ́ta, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ àfi tí gbogbo wọn bá pé. Ọ̀ràn iṣẹ́ kánjúkánjú tún wà. Káàdì pupa kan ṣoṣo ni mo gbà kó wà nílé. Ẹni tó bá gbé e lè kọjá níwájú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ìkan bá ti wà lórí rẹ̀, ti ẹlòmíì ò lè di kánjúkánjú, ì báà jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi.

Iṣẹ́ tí yàrá ọ̀dà bá dá padà nítorí pé kò dán ńkọ́? Àwọn kan máa ń fún un ní káàdì tuntun. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Káàdì tó wà lára rẹ̀ náà ló máa fi padà, kí àìsí káàdì yẹn lè máa dun àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oníbàárà ló dá iṣẹ́ dúró, tí kò tíì mú àwọ̀, ẹ má jẹ́ kó di káàdì mú, torí á fún gbogbo ilé lọ́rùn. A ní àyè kékeré kan fún iṣẹ́ tó dúró. A máa ń yọ káàdì lára rẹ̀, á tún tò sórí ìlà nígbà tí ẹnu bá kò. Ó sàn jù pé kí a má tilẹ̀ fún un ní káàdì àkọ́kọ́ títí oníbàárà á fi fọwọ́ sí àwòrán, tó sì ti mú àwọ̀.

Kànbán Toyota tí mo ní kò bá wa mu, ó ní ibi tó ti wúlò: súkúrú, ìṣó, gọ́ọ̀mù, sáńpépà, gbogbo ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ láìka irú iṣẹ́ sí. Bí a bá ń lo páálí sáńpépà 10 lójúmọ́, tí ọjà sì ń gba ọjọ́ 6 kó tó dé, káàdì máa wà láàárín ìdì wọn níbi tó ti ku 80: 60 fún ọjọ́ 6 yẹn, 20 fún àìmọ̀. Ẹni tó bá mú dé orí káàdì á gbé e lọ fún ẹni tó ń rajà. Ìyẹn tó.

Ẹ fi ohun tó lágbára ṣe káàdì. Ti bébà ò lè fara da eruku pákó àti gọ́ọ̀mù. Àjákù páláńkì fẹ́lẹ́ tí a kùn, tí a lu ihò sí, là ń lò, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀ka méjì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n máa ń sọnù sínú àpò ẹ̀wù, káàdì kan tó sọnù sì ti dín iṣẹ́ kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i.

Káàdì ò lè fi kún agbára ẹ̀ka tí iṣẹ́ bò mọ́lẹ̀ ṣáá. Nínú ìṣirò ìlà tó rọrùn jù, ìyẹn ìṣirò bí iṣẹ́ ṣe ń tò dúró de ara wọn, bí iṣẹ́ bá gba 80% àsìkò ẹ̀ka kan, iṣẹ́ máa dúró ní ìlọ́po 4 iye àsìkò tí a fi ń ṣe é. Bó bá di 90%, ìlọ́po 9. Bó bá di 95%, ìlọ́po 19. Nítorí náà ni mi ò ṣe ń dá ọjọ́ fún oníbàárà kí n tó wo pátákó. Mo máa ń ka iṣẹ́ tó ti wà níwájú tirẹ̀ lọ́nà tó máa gbà, kí n tó la ẹnu. Àwọn kan ti torí ẹ̀ lọ síbòmíì. Púpọ̀ nínú àwọn tó dúró ló ń padà wá.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kó má pín káàdì yíká ilé lọ́jọ́ kan náà. Kó wá ibi tí iṣẹ́ ti ń gorí ara wọn jù, kó ṣe káàdì fún ibẹ̀ àti ẹ̀ka tó ṣáájú rẹ̀ nìkan, kó fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà fún oṣù kan tàbí méjì.