Àkúrẹ́ tó fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nílé

Bí mo bá sọ fún ará Èkó pé iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mò ń ṣe, tí mo sì sọ pé Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ ní Èkó?" Wọn kì í bi mí bóyá mo tiẹ̀ fẹ́ wá. Ó máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ṣe ni mo máa ń ní kí wọ́n wá kí wa ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹ́kùn, kí wọ́n wá jẹ iyán wa, kí wọ́n sì wo ohun tí à ń ṣe. (Àwọn ará Oǹdó kò ní gbà pé iyán Àkúrẹ́ tó tiwọn. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, ìlú mi ni mò ń polówó.)

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́ àti Òkìtìpupa ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ rò pé àfi kí ẹ kó ẹrù kí iṣẹ́ yín tó ní láárí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jápa o. Ẹni tí ọ̀nà bá là fún, kó máa lọ, a ó bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílé. Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ yangàn, tí a sì ń fojú fo èyí tó yẹ ká gbé sórí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Philip Emeagwali. Ó ṣòro kí àwa ará tẹ́ẹ̀kì ṣèpàdé ní ìlú yìí kí ẹnìkan má dìde sọ pé ọmọ tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ ló dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Òótọ́ ni pé Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1954, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Onitsha ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Òótọ́ ni pé ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell, tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà alágbára ṣe ìṣirò ńlá sí, lọ́dún 1989, lórí ìṣirò bí epo rọ̀bì ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, èyí tó fi ẹ̀rọ Connection Machine ṣe, ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ kéékèèké 65,536 tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di òní, Vint Cerf àti Bob Kahn ló gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1974. Kí la fẹ́ fi àbùmọ́ ṣe? Ẹ̀bùn 1989 yẹn nìkan tó yangàn. Àlejò tó bá yọ fóònù rẹ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò, tó rí i pé a ti fi iyọ̀ sí i, kò ní gba ọ̀rọ̀ tó kàn lẹ́nu wa gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé.

Èmi, ọ̀rọ̀ Nigeria EduSat-1 ni mo máa ń sọ fún wọn. FUTA wa níbí, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1981, ló ni ín. Sátẹ́láìtì kékeré ni, àpótí tí gbogbo ìhà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí èèyàn lè gbé sórí àtẹ́lẹwọ́. FUTA dara pọ̀ mọ́ Kyushu Institute of Technology ní Japan nínú ètò tí wọ́n pè ní Birds-1, Ghana, Mongolia àti Bangladesh náà wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé márààrún láti Florida lọ sí ibùdó òfuurufú ISS, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tú wọn sílẹ̀ lóṣù keje. Irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lókè, ó ti já bọ́, ó sì ti jóná. Rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kọ́ ló ń wú mi lórí, ti àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Lọ́dún 2003, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sókè, iléeṣẹ́ kan ní ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ ọ. Èyí tó jẹ́ ti FUTA yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó yà á lórí pátákó, tó tò ó, tó sì dán an wò kó tó gbéra. Ọwọ́ ti mọ iṣẹ́ náà, iná òfuurufú kò lè jó ìyẹn.

Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, tó sì ń fi han ẹlòmíràn, ohun tí Àkúrẹ́ ní nìyẹn. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022 tí ilé ẹ̀kọ́ tì fún oṣù mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo mọ̀ ní Aule àti ní ẹnu géètì FUTA ló jẹ́ pé àkókò yẹn ni wọ́n kọ́ kóòdù. Kò sí olùkọ́ tí ń gbowó oṣù nídìí rẹ̀. Ẹni tó ti mọ díẹ̀ ló ń kọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan, nínú yàrá ẹnìkan tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo wọn dáwó epo jọ. Bí ọmọṣẹ́ télọ̀ ṣe ń kọ́ṣẹ́ ni: o jókòó ti ọ̀gá, o ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó fún ọ ní àjákù aṣọ pé kó o rán an, ó tú u, o tún un rán.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé kó má dá jókòó sílé máa wo fídíò. Wá ibi tí àwọn èèyàn kóra jọ sí, kó o sì jókòó ti ẹni tó mọ̀ jù ọ́ lọ, ì báà jẹ́ àbúrò rẹ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí ń dà wá láàmú díẹ̀, kí n má purọ́. Mo wà níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ Sátidé kan rí, tí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo dátábéèsì. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ ọ kò tíì jáde nílé ẹ̀kọ́. Bí bàbá bá tẹ ohun tí kò yẹ, ọmọ náà á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, á ní: "Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ ká pa ìlà yẹn rẹ́. Èyí tó wà lókè rẹ̀ ti tọ̀nà." Bàbá á dáhùn pé, "Ọ̀gá mi, mo ti gbọ́." Gbogbo yàrá á rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá ti kọ ìbéèrè tó tọ́ka gbogbo oníbàárà tó jẹ gbèsè jáde nínú tábìlì kan, ó sì pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ibi tí àgbà ti lè pe ọmọdé ní ọ̀gá láìsí pé ojú ti ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ yóò gbòòrò níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe mí láǹfààní jù wá láti inú oko. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń pèsè kòkó jù ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tó bá máa wọ ilẹ̀ àwọn, ẹni tó kó o wá gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko tó ti wá gan-an, kó sì fi hàn pé wọn kò pa igbó run láti fi dá oko náà lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà máa múlẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ níhìn-ín ti ń wá ẹni tó máa bá wọn ya àwòrán oko. Ta ló sún mọ́ wọn jù wá lọ? Láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè kò jìnnà.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gba irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ oníkòkó kan. Kí a tó kọ kóòdù kankan, a lọ sí oko, mo sì rọ̀ yín kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ni oko àkọ́kọ́ wo fóònù ọwọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé nǹkan yìí mọ ààlà?" Mo ní, "Rárá mà, àwa la máa fi hàn án." Ó ní, "Ó dáa. Ibi tí pèrègún bá yà sí ni kó o yà sí. Má fà á ní ọ̀gbọọrọ." Pèrègún ni wọ́n gbìn sí ààlà láyé àwọn bàbá wọn, kò sì sí ìlà kan tó tọ́ láàárín igun méjì. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni a fi kọ áàpù náà: fóònù ń gba ibi tí o wà sílẹ̀ bí o ṣe ń rìn yí oko ká, kì í ṣe igun nìkan.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ sí i nípa iṣẹ́ yìí, nítorí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. GPS inú fóònù, èyí tó ń gba àmì láti òkè láti mọ ibi tí ẹ wà, kò nílò dátà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí áàpù tọ́jú ohun gbogbo sínú fóònù, kó fi ránṣẹ́ tí ẹ bá padà dé ìgboro. Ewé kòkó ṣíji bo ilẹ̀ gan-an, ó sì ń dí àmì tó ń bọ̀ láti òkè lọ́wọ́. Ẹ dúró díẹ̀ kí fóònù tó fi ibi tí ẹ wà hàn dáadáa, ẹ má kánjú tẹ bọ́tìnnì. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, òfin yẹn ní kí ẹ ya gbogbo etí rẹ̀. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ojú kan ti tó. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ibi tí oko wà gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán díjíìtì mẹ́fà lẹ́yìn àmì ìdá. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má gbé nọ́ńbà ìhà àríwá sí ipò nọ́ńbà ìhà ìlà oòrùn. Ìdànrè wà ní nǹkan bí 7.1 sí àríwá, 5.1 sí ìlà oòrùn. Bí méjèèjì bá pààrọ̀ ipò, oko bàbá ẹni á bọ́ sí agbègbè Aba àti Port Harcourt, kòkó Ìdànrè á di ti àwọn ará Ìlà-Oòrùn lórí pépà!

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbẹgẹ́. Bí àjèjì bá ń fi fóònù yí oko ká, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ rò ni pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ tàbí kó bu owó orí lé wọn. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá wọn pààlà wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń rìn ín, kí ẹ sì fún àgbẹ̀ ní ẹ̀dà tirẹ̀ lórí ìwé, nítorí òun ló ni ín. Ẹ ò tún ní ṣàì bá oko tó wọnú igbó ọba pàdé. Wọ́n á ní kí ẹ bá wọn sún àmì náà jáde díẹ̀, pé ta ló máa mọ̀. Ẹ má ṣe é. Sátẹ́láìtì ń ya àwòrán igbó náà láti òkè, ẹni tó wà ní Jámánì lè jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ kó rí i. Àmì kan péré tí ẹ bá sún, wọn ò ní gba ìyókù tí ẹ fi òótọ́ yà gbọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní gba ti ọmọ Àkúrẹ́ mìíràn tó bá tẹ̀ lé yín.

Ti iná, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ má gbé iṣẹ́ yín lé iná ọba. Bí owó yín kò bá tó ra bátìrì àti ṣọ́ọ̀lá, ẹ dá a jọ pẹ̀lú àwọn mìíràn, kí ẹ jọ lo yàrá kan. Owó ilé ní Àkúrẹ́ kò tíì rí bíi ti Èkó, ìyẹn ló fún wa láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ẹ má lọ sọ fún oníkòkó lóṣù keje tàbí ìkẹjọ pé kó san gbogbo rẹ̀ tán. Òjò ń rọ̀ nígbà yẹn, wọ́n ń ra oògùn tí wọ́n máa fín nítorí àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi, gbèsè ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jẹun. Àkókò yẹn ni kí ẹ fẹnu kò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ gba ìwọ̀nba tí ẹ máa fi wọ ọkọ̀ àti èyí tí ẹ máa fi ra dátà. Kí ìyókù wọlé láti oṣù kẹwàá lọ, nígbà tí wọ́n bá ti ń sá kòkó. Bí ẹnìkan bá sì ní òun fẹ́ fi àpò kòkó san án, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹ bá ti mọ ibi tí ẹ máa tà á sí. Lọ́dún 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, àpò kòkó ni mo gbà lórí iṣẹ́ kan, nígbà tí mo sì tà á, ó ju owó tí a jọ sọ lọ dáadáa.