Òkúta tó já bọ́ sóko àgbàdo ní Katsina

Sátidé, Kubwa. Ọyẹ́ mú gan-an lónìí.

Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ kí n tó sùn torí látàárọ̀ ló ti gba gbogbo ọkàn mi. Ní October 3, 1962, àgbẹ̀ kan wà lóko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, Katsina, ní Nàìjíríà níbí yìí, ó ń lé àwọn kannakánná tó ń ba nǹkan jẹ́ fún un, ṣàdédé ni ariwo bú gbàù lókè, afẹ́fẹ́ gbá a bí ẹní fẹ́ gbé e ṣubú, èéfín rú, nǹkan sì já lulẹ̀ gbì, kò ju bíi mítà mẹ́ta lọ síbi tó dúró sí. Ihò tó gbẹ́ sínú ilẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, òkúta ló wà nínú ẹ̀, ó wúwo tó kílò 18. Ká ní ó bà á lórí ńkọ́? Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mọ̀ pé Mars ni òkúta yẹn ti wá. Mars o, pílánẹ́ẹ̀tì pupa yẹn. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ló dùn mọ́ mi jù: àwọn ibì kan wà nínú òkúta náà tó ti yọ́, tó dì bíi gíláàsì, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì há síbẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde. Ní 1976, Amẹ́ríkà ti fi ẹ̀rọ méjì tí wọ́n ń pè ní Viking balẹ̀ sí Mars, àwọn yẹn sì yẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wò, wọ́n mọ irú gáàsì tó wà níbẹ̀ àti bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí wọ́n wá fi wé ti inú òkúta, ọ̀kan náà ni. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé nǹkan ńlá kan ló lọ kọlu Mars, òkúta fọ́n jáde, ọ̀kan nínú wọn wá ń rìn kiri lófurufú fún nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún kó tó sọ̀ sínú oko bàbá yẹn.

Ó tún kù. Ní 1996 wọ́n mú èkúfọ́ kan lára òkúta Zagami, wọ́n fi sínú ẹ̀rọ Mars Global Surveyor, ó sì dé Mars ní 1997. Ó padà sílé! Ẹ̀rọ yẹn ò balẹ̀ ṣá, ó kàn ń yí Mars po ni, 2006 ni wọ́n sì gbúròó ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo ka èyí fún Bàbá Ìbejì tá a jọ ń gbé kọ́ńpáǹdì, wọ́n ní "Katsina tí mo ti sìn ìjọba yìí náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n tún un kà.

Ọ̀rọ̀ lílé ẹyẹ yẹn ló mú mi rántí orí Jema'a. 1943 ni wọ́n wa ìyẹn jáde níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà ní gúúsù Kaduna, orí èèyàn tí wọ́n fi amọ̀ mọ tí wọ́n sì sun nínú iná. Akọ̀wé kan níbi iṣẹ́ náà gbé e lọ sílé, ó fi kọ́ igi láàrin oko iṣu kó lè máa dẹ́rù ba ẹyẹ. Fún bí ọdún kan ni orí yẹn fi wà nínú oòrùn àti òjò kí ọ̀gá wọn kan tó rí i tó gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni Bernard Fagg, òyìnbó tó ń ṣèwádìí ohun àtijọ́ inú ilẹ̀, ti wò ó dáadáa tó sì rí i pé ó jọ orí ọ̀bọ kan tí wọ́n ti rí ní abúlé Nok ní 1928. Ojú ère Nok ò ṣòro mọ̀, ó máa ń ní igun mẹ́ta, ẹyinjú ẹ̀ á sì jẹ́ ihò tí wọ́n dá lu. Iṣẹ́ tó ti ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ, òun ló ń ṣọ́ iṣu.

Dufuna ní Yobe ńkọ́? Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga, nígbà tó dé bíi mítà márùn-ún ó kan igi líle. Ọkọ̀ ojú omi ni! Mítà 8.4 ni gígùn ẹ̀, ó sì ti tó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún, kò sí ọkọ̀ tó dàgbà tó o tí wọ́n tíì rí ní Áfíríkà. Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ ni pé ó jẹ́ káwọn èèyàn gbọ́ nípa ẹ̀. Ó lè fi àáké la igi yẹn kó máa bá kànga ẹ̀ lọ, omi ló kúkú ń wá, ta ló máa bi í? Ó yẹ ká máa bọ̀wọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju bá a ṣe ń ṣe lọ.

Kí ni ọkọ̀ ń wá níbi tó gbẹ tó yẹn? Ṣé ẹ rí i, adágún Chad tá à ń gbọ́ pé ó ń gbẹ, láyé ọjọ́un ó fẹ̀ débi pé kò sí adágún kan ní Áfíríkà lónìí tó sún mọ́ ọn. Apá kan ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó ti gbẹ ni wọ́n ń pè ní Bodélé, ní orílẹ̀-èdè Chad, atẹ́gùn ọyẹ́ a máa gbé eruku ibẹ̀ wá bá wa, lẹ́búlẹ́bú funfun tó wá lára àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó ti gbé inú omi yẹn rí. Eruku tí mo ń nù lórí fíríìjì, tí kì í pẹ́ tó fi ń padà, ìsàlẹ̀ omi ló ti wá. Ọ̀dọ̀ wa nìkan sì kọ́ ló ń dé, òmíràn a sọdá òkun títí dé igbó Amazon ní Brazil, phosphorus inú ẹ̀, ìyẹn èròjà tí ewéko fi ń dàgbà, ló ń bá wọn sọ ilẹ̀ dọ̀tun níbẹ̀, torí òjò ti fọ tiwọn lọ.

Bàbá Ìbejì ní tí ilé ìwé bá gba ìsinmi, àwọn á kó àwọn ọmọ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Jos, Fagg yẹn náà ló dá a sílẹ̀, 1952 ni wọ́n ṣí i. Mo ti ní kí wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ fún mi nínú mọ́tò.