Owó ìgò níbí, owó ìgò nílé

Ẹni tó bá ti Ìjẹ̀bú-Òde dé Jámánì, ike omi ni yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Ike omi tàbí ike mínírà tí wọ́n ń jù sí gọ́tà nílé, sẹ́ńtì 25 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan níbí. Ẹ ó ti san án mọ́ owó omi. Ẹ dá ike padà, ẹ gba owó yín. Ti ìgò bíà, sẹ́ńtì 8. Ẹ̀rọ kan wà nínú sùpámákẹ́ẹ̀tì tó ní ihò roboto. Ẹ ó fi ìdí ike ṣíwájú tì í wọlé, ẹ̀rọ á yí i bírí, á wo àmì ara rẹ̀, á gbé e mì. Bí ike bá ti rún tí kò rí àmì náà kà, á tì í jáde padà, kò ní bá yín jiyàn. Tí ẹ bá parí, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ìwé pélébé á yọ, ẹ mú un fún ẹni tó ń gbowó, á yọ ọ́ kúrò nínú owó ọjà yín.

Láti 2003 ni òfin ti fi owó sórí àwọn ike àlòsọnù yìí. Ní ìta pápá bọ́ọ̀lù àti ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ẹ ó rí àwọn àgbàlagbà tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kò tó ná, tí wọ́n ń gbé báàgì kiri láti ṣa ike. Kò dùn ún wò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ike kì í pẹ́ nílẹ̀.

Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú á rántí pé èèyàn kì í gbé mínírà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìmú ìgò òfìfo wá tàbí kó fi owó ìgò sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ìnáwó, ẹ ó san owó ìgò, ẹ ó san owó kíréètì. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n á rán àwa ọmọdé sí abẹ́ tábìlì àti ẹ̀yìn kánópì, ká máa wá ìgò, torí èyí tó bá sọnù, olóde ló máa san án. Ìgò tó ti fọ́ lẹ́nu pàápàá ń dá ìjà sílẹ̀: ṣé ilé yín ló ti fọ́ ni àbí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gbà á? Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ìtọ́jú àyíká. Owó là ń lé. Nígbà tí ike dé, kò sí owó ìgò lórí rẹ̀, gọ́tà sì dí. Èmi ò gbà pé ìwà àwọn òyìnbó sàn ju tiwa lọ. Ohun tí kò bá ti ní owó lórí, ta ló máa bẹ̀rẹ̀ mú un, ì báà jẹ́ ní Hannover níbí, ì báà jẹ́ ní Òkè-Àje nílé?

Ti omi mímu ló ká mi lára jù. Níbí, ẹ̀rọ inú ilé ìdáná ni mo ti ń bu omi mu, mo ń pọn ọ́n sínú ìgò kan náà lọ síbi iṣẹ́, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Nílé, àpò píọ̀ wọ́tà la ń rà, 20 nínú àpò kan, ọ̀rá 20 tó ń lọ sílẹ̀. Ẹ má bá àwọn ará ilé wí. Bí omi ẹ̀rọ bá ń yọ, tó sì ṣeé mu, tani yóò fi owó ra ọ̀rá?

Ẹ jẹ́ ká dé ilé ìdáná ìyá mi. Màmá kì í fi ọ̀rá se mọ́ínmọ́ín. Ewé eéran ni. Wọ́n á fi aṣọ tútù nu ojú àti ẹ̀yìn ewé, wọ́n á gé igi ìdí rẹ̀ kúrò kó má baà ya, wọ́n á fi ewé méjì lé ara wọn, wọ́n á ká a bí àrọ, wọ́n á ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á wá bu ẹ̀wà sí i. Àwọn igi ewé tí wọ́n gé, ìdí ìkòkò ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kí mọ́ínmọ́ín má baà jóná. Ẹ jẹun tán, ewé di ẹ̀yìnkùlé, ó jẹrà. Èèpo ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́ ló ni ín. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Jámánì, garawa aláwọ̀ ilẹ̀ wà fún èèpo oúnjẹ, aláwọ̀ búlúù fún bébà, aláwọ̀ ìyeyè fún ike àti agolo. Dúdú tó kù, bó bá ṣe tóbi tó lowó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Màmá kò san kọ́bọ̀ kan tí ìdọ̀tí rẹ̀ fi kéré ju tèmi lọ.

Ṣùgbọ́n àǹtí mi tó ń ta oúnjẹ ti fi ewé sílẹ̀. Ó ní ewé ti wọ́n, ó ń gba àkókò, ọ̀rá ló sì pọ̀ lọ́jà. Mi ò rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Bákan náà ni ti èédú: bí gáàsì bá ti gbówó lórí, àdògán á padà síta, igbó á sì máa tán lọ.

Ohun kan wà níbí tí kò lè gbérí ní Ìjẹ̀bú láéláé. Ẹni tó bá ń kó jáde máa ń gbé páálí síwájú ilé: àwo, ìwé, bàtà ọmọdé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Èmi náà ti gbé àga ilé mi níbẹ̀. Nílé, ta ló fẹ́ fọwọ́ kan ohun tó rí ní oríta láàárọ̀? Ẹ ó sì rí ẹni náà kan náà tó ń rán aṣọ tuntun fún Ojúde Ọba lọ́dọọdún, torí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ti èṣí.

Ti iná ni ọgbọ́n wa kò ká. Ní Jámánì, ayálégbé lè gbé sólà kékeré kọ́ bàlíkónì, kó ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Òfin gbà á dé wáàtì 800. Kò nílò bátìrì, torí iná ìjọba wà lọ́sàn-án lóru. Oòrùn Ìjẹ̀bú ju ti ibí lọ fíìfíì, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná tó pọ̀ jù fún lójúmọ́, sì ti fò láti ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan ní April 2024, nítorí náà sólà yẹ kó tètè san owó ara rẹ̀ nílé. Bátìrì àti ẹ̀rọ inverter ni ìṣòro: owó wọn kì í ṣe owó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò rí owó náà kó jọ lẹ́ẹ̀kan, pẹtiróòlù ni yóò máa rà sí jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, yóò sì ná ju ẹni tó ra sólà lọ.

Mo sọ ọ̀rọ̀ owó ìgò yìí fún àbúrò mi tó ń ta òróró. Ó gbìyànjú rẹ̀: ẹni tó bá gbé kéègì tirẹ̀ wá, kò ní san owó kéègì. Kéègì tí òun náà ń rà ti dín kù. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan ti ń gbé kéègì lítà 5 wá, wọ́n ní kó kún un ní owó lítà 4, ṣebí ó ní àwọn ń bá òun dín ìdọ̀tí kù. Ó ti ra òṣùwọ̀n.